Ọjọ́ Tí Ìyá Kúbúrà Ka Orúkọ Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe láyé kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń jí láàárọ̀ kó máa gbàdúrà pé òun fẹ́ ṣe. Mo kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. Àwọn ìyá tó lè bí mi, àwọn bàbá tó ti rí ọmọ-ọmọ, àwọn ni mo ń di ọwọ́ wọn mú sórí pẹ́ńsùlù. Abẹ́òkúta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣì ń rákòrò bí ọmọ ọwọ́, n kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì. Bí mo bá tún ayé wá, òun náà ni n ó ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ó bá wọn fa ọ̀rọ̀ owó oṣù díẹ̀ sí i.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Mo jáde nílé-ìwé olùkọ́ni, iṣẹ́ kò tètè yọjú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan wà nílùú tó ń kọ́ àgbà níwèé, wọ́n ń wá ẹni tí ara rẹ̀ le. Mo lọ, wọ́n wò mí lókè wò mí nílẹ̀, wọ́n gbà mí. Ní ti owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi aṣọ bò ó. Kò pa mí, kò sì yó mi.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ ni Ọ̀gá Ṣódẹ́ndé. Ọkùnrin gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé tó so mọ́ ẹ̀yìn. Ó ti kọ́ ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yí sọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó sì máa ń ní ọmọdé ló kọ́ òun ní ìbínú, àgbà ló kọ́ òun ní sùúrù. Èmi kò rí sùúrù náà ní ọdún àkọ́kọ́. Bí mo bá pẹ́ dé, kò ní bá mi wí, yóò kàn yọ aago rẹ̀, yóò wò ó, yóò wò mí, yóò sì dá a padà sápò. Ìwò yẹn ju ẹgba lọ. Bí mo bá kọ lẹ́tà kan wọ́ lórí pátákó, yóò nù ún, yóò ní kí n tún un kọ, níwájú gbogbo kíláàsì. Mo ti sunkún nítorí lẹ́tà "g" rí, ẹ má rẹ́rìn-ín mi.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá rú u, ẹ ó mọ̀ pé ẹ rú u. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ẹnu ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Bí àgbàlagbà bá ń kà á bọ̀, tó dé ibi tó le, tó dákẹ́, ìwọ náà á dákẹ́. O kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un, o kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún un. O ó dúró dè é.

Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mo ti rú òfin yìí. Kíláàsì wa níbẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn, lábẹ́ ibòòji, àwọn àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàbá kan dìde láti ka gbólóhùn kan lórí pátákó. Ó kà á dé ìdajì, ó wá kan ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ń wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àbí ká sọ òótọ́, ojú ló ń kán mi, mo bá ké sí i pé, "Gbàgùdá ni, Bàbá! Gbàgùdá!"

Bàbá jókòó. Kò tún dìde mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá Ṣódẹ́ndé gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Odidi oṣù kan ni n kò fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ń nu pátákó, mo ń to bẹ́ǹṣì, mo ń lọ èédú mọ́ ewé láti fi kun pátákó kó lè dúdú.

Ọ̀gá bi mí lọ́jọ́ náà pé, "Ṣé o mọ ohun tí o gbà lọ́wọ́ bàbá yẹn?"

Mo ní, "Mo ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, sà."

"O gbà á lọ́wọ́ wọn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tiwọn. Ní báyìí, tìẹ ni. Ọmọdé la máa ń sọ fún, tó bá gbàgbé a tún un sọ. Àgbà, à á dúró dè é. Ó lè má gba ọ̀nà tí o rò kọjá, ṣùgbọ́n yóò dé."

Bàbá náà fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tí oṣù kan pé tí mo padà síwájú, ó nawọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú àbọ̀ o. Gbàgùdá tí mo fọwọ́ ara mi gbìn, tí mo fọwọ́ ara mi wú, ẹ̀yin lẹ wá ń sọ orúkọ rẹ̀ fún mi." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì tán nínú wọn. Kò tán nínú mi. Láti ọjọ́ náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró, mo máa ń di ẹnu mi mú bí ẹni pé ẹyẹ wà nínú rẹ̀.

Mo kọ́ wọn ní Kọ́bapẹ́, níbi tí àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì ti máa ń sá jáde nínú kíláàsì bí ọkọ̀ bá dúró, tí wọ́n á sì padà wá pẹ̀lú owó lọ́wọ́ àti ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Mo kọ́ wọn ní Wásinmi, níbi tí ó jẹ́ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn ti gba oko lọ. Irinṣẹ́ wa kò tó nǹkan. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, àtùpà gáàsì tí a ń pọ́ǹpù bí ilẹ̀ bá ń ṣú, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí a ń fi ọwọ́ yí, tí yíǹkì rẹ̀ ti ba aṣọ mi jẹ́ ju bí mo ṣe lè rántí lọ. Lẹ́yìn náà ni iná mànàmáná dé, ó dé tán ó tún ń lọ, a kò sì sọ àtùpà nù.

Kíláàsì tí ọkàn mi fẹ́ jù lọ ni ti Ìtòkú. Àwọn aláró ló wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ṣe adìrẹ tí wọ́n sì ń tà á. Mùsùlùmí wà nínú wọn, ọmọ ìjọ wà nínú wọn, gbogbo wọn ló ń bára wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan wà nínú ọjà tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa. Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, wọ́n á fi aṣọ sílẹ̀ sínú ìkòkò aró, wọ́n á wá kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì sáré padà lọ yọ aṣọ kí ó tó mu aró jù. Ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá. Kò sí ìwé wa kan tí kò ní àmì ìka aró lára. Bí mo bá ń yẹ iṣẹ́ wọn wò nílé, àmì ìka ni mo fi ń mọ ẹni tó ni ín kí n tó wo orúkọ.

Ìyá Kúbúrà ni olórí kíláàsì yẹn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, ó sanra, ohùn rẹ̀ ń dún dé ìkángun ọjà kejì. "Tíṣà mi kékeré" ló ń pè mí. Nínú kíláàsì, yóò máa fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti bọ́ síta báyìí, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò jẹun, wo bí ọrùn rẹ ti rí!" Ìdí tó fi wá kọ́ ìwé rọrùn. Àwọn oníbàárà máa ń kó aṣọ funfun fún un láti pa láró, àwọn mìíràn á wá láti ọ̀nà jíjìn, àkísà ló sì fi ń so àmì mọ́ ẹrù oníkálukú. Àkísà pupa fún ẹni yìí, àkísà olómi-ewé fún ẹni tọ̀hún. Lọ́jọ́ kan, òjò pa ẹrù, àwọ̀ àkísà ṣí mọ́ra wọn, aṣọ ìyàwó kan bá ẹlòmíràn lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti búra pé òun ó kọ orúkọ olórúkọ sára ẹrù.

Kíkà kò yá a. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ mọ̀ pé ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń rì bọ inú ẹ̀kọ láti fi ya iṣẹ́ sára aṣọ kó tó wọ aró. Ọwọ́ tó ti ń ya irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré kò bẹ̀rù ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́tà "g" rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo rò pé Ọ̀gá Ṣódẹ́ndé mọ̀, nítorí kò nù ún rí.

Kíláàsì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń rán láti wá bẹ iṣẹ́ ẹgbẹ́ wò. Ọjọ́ tó wá sí Ìtòkú, ó bá àwọn ìyá wọ̀nyí níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín gbà-gbà-gbà nítorí ẹnì kan ka "orí" sí "orù". Ojú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní ìpàdé òfófó ni èyí, kì í ṣe kíláàsì, ó ní àwọn obìnrin wọ̀nyí kò mọ ohunkóhun kà, a kàn ń há a sí wọn lórí ni. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ ti ibẹ̀ pa, kí ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹ sọ fún mi, aláró wo ló máa fi aṣọ sínú ìkòkò ní Ìtòkú tó máa lọ jókòó ní Òṣíẹ̀lẹ̀? Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, ó parí nìyẹn, Ìyá Kúbúrà á padà sídìí àkísà.

Ìgbìmọ̀ alábòójútó ẹgbẹ́ ló máa pinnu rẹ̀. Ó sì ṣe kòńgẹ́ pé àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ti lo àkókò wọn tán, a fẹ́ fi àwọn tuntun hàn fún gbogbo ẹgbẹ́. Inú gbọ̀ngàn ìlú la ti máa ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló máa ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á dìde, a ó pàtẹ́wọ́, ó tán. Ọ̀gá Ṣódẹ́ndé ní lọ́tẹ̀ yìí, Ìtòkú la ó ti ṣe é. Ó ní kì í ṣe akọ̀wé ni yóò pe orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kà á láti inú ìwé, níwájú ìgbìmọ̀ tuntun àti níwájú ọ̀gá ọ́fíìsì yẹn.

Mo ní, "Ọ̀gá, bó bá kọsẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "A ó dúró dè é."

Ìyá Kúbúrà ni gbogbo kíláàsì yàn. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ka orúkọ wọ̀nyẹn. Ó ń kà á lẹ́bàá ìkòkò aró, ó ń kà á fún àwọn oníbàárà, àwọn ọmọ ọjà ti há orúkọ ìgbìmọ̀ sórí kí ìgbìmọ̀ tó dé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, èmi ni n kò sùn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n to àga sí àárín ọjà, wọ́n ta tapólì bò ó. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, ẹni tó fẹ́ ríran àti ẹni tó fẹ́ rí ìtìjú ló pé jọ. Ọ̀gá ọ́fíìsì ti jókòó síwájú, ó káwọ́ sáyà. Ìgbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ sáré dé pẹ̀lú ìwé mìíràn lọ́wọ́. Ó ní ẹnì kan nínú àwọn tí a yàn ti ní àìlera, kò lè ṣe é mọ́, ẹlòmíràn ti gbà láti dípò rẹ̀, oníṣòwò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò darí wálé. Ó ti tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ìwé tuntun yìí ni wọ́n fi lé Ìyá Kúbúrà lọ́wọ́. Òun kàn tẹ́wọ́ gbà á.

Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ka ti àkọ́kọ́, "Ìyáàfin Adébísí Ṣówùnmí, nọ́ọ̀sì." Obìnrin náà dìde, ọjà hó. Ó ka ìkejì, ó ka ìkẹta, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sí i. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ó wá dé ìkẹrin, ìyẹn orúkọ tuntun. Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

Ó wo ìwé náà. Ó gbójú sókè wo àwọn tó jókòó síwájú. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó wọ agbádá funfun, tí eyín rẹ̀ funfun ju agbádá lọ. Ojú wọn pàdé. Ìyá Kúbúrà rọra tẹ orúnkún díẹ̀, ó sì tún dìde. 

Ọjà dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjà Ìtòkú dákẹ́! Mo rò pé orúkọ náà ló ṣòro fún un, nítorí kò rí i rí.

Ọ̀gá ọ́fíìsì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan tí mo ń sọ? Wọ́n há a sí màmá yìí lórí ni. Àwọn tí wọ́n há sí i lórí ti tán. Tuntun dé, ẹnu wọhò. Kí lẹ tún fẹ́ kí n rí?"

Ọkùnrin alágbádá funfun yẹn sì ń dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé…"

Ọ̀gá Ṣódẹ́ndé na ọwọ́ gígùn rẹ̀. "Àlàájì, ẹ dákun, ẹ jókòó. Nínú kíláàsì wa, ẹnì kan kì í bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́." Ó wá yíjú sí ọ̀gá ọ́fíìsì. "Ẹ̀yin náà, sà. À á dúró dè é."

Inú bí mi sí Ọ̀gá Ṣódẹ́ndé. Mo ní nínú ara mi pé òfin wo nìyẹn nígbà tí ilé ń jó? Gbogbo iṣẹ́ wa ń lọ lójú wa, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, mo sì mọ ọ̀rọ̀ náà, mo rí i látibi tí mo dúró sí. Ó wà létè mi. Mo rántí gbàgùdá, mo gé ètè mi jẹ.

Ìyá Kúbúrà ká ìwé náà, ó kì í bọ ìdí ìró, ó ní, "Tíṣà mi kékeré, ẹ bá mi mú ṣọ́ọ̀kì."

Mo mú un fún un. Pátákó wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rìn lọ síbẹ̀, kò yára, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa, ọwọ́ dúdú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Lẹ́tà ńlá, lẹ́tà rírẹwà, bí ẹni ya adìrẹ. Ó kọ ọ́ tán, ó padà sí àmì orí rẹ̀, ó fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí gbogbo ọjà lè rí i: ÀLÀÁJÌ LÁṢÍSÌ ADÉỌ̀ṢUN.

Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà. "Ẹ kú àbọ̀ o, Eyínfúnjowó, ọkọ mi. Ẹ wá wo ara yín lára pátákó."

Àwọn obìnrin tó jẹ́ ìyàwó ilé nínú ọjà kọ́kọ́ lóye, ariwo ta. Ó yíjú sí ọ̀gá ọ́fíìsì, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọmọ ilé ọkọ mi ni wọ́n, sà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, mo bá wọn nílé, wọ́n ti tó ọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá. Ẹnu mi ò pe orúkọ wọn rí, kò sì ní ti iwájú yín bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kọ ọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Gbogbo yín mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ, àfi kó fún un ní àpèlé. Èmi náà mọ̀ ọ́n, èmi náà ní ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ọmọ agbo ilé ọkọ rẹ̀ ni ẹni tó ti Kánò dé? Orúkọ bàbá Ìyá Kúbúrà ló wà nínú ìwé wa, kì í ṣe ti ilé ọkọ.

Àlàájì Láṣísì dìde. Ó ka orúkọ ara rẹ̀ sókè láti orí pátákó, bí akẹ́kọ̀ọ́, ohùn rẹ̀ sì já lágbedeméjì. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ìyàwó wa yìí ló ń wẹ̀ mí ní kékeré. Òun ló ń fà mí lọ́wọ́ lọ sílé kéwú, tó tún ń fà mí lọ sílé-ìwé, bí mo bá ń sunkún, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi wọlé. Òun kò wọlé rí. N kò mọ̀ pé òun náà fẹ́." Ó fi etí agbádá nu ojú. Èmi náà ń nu tèmi, kò sì tì mí lójú.

Ẹ má jẹ́ kí n fi ibi san ire fún ọ̀gá ọ́fíìsì. Ó dìde, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Ìyá Kúbúrà. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò pe orúkọ mi rí, ó yẹ kí n ti mọ̀." Ìpàdé àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ tuntun ṣe, abẹ́ tapólì yẹn náà ni wọ́n ti ṣe é, kò sì pẹ́. Kíláàsì Ìtòkú dúró sí àyè rẹ̀.

Ọ̀gá Ṣódẹ́ndé kò yìn mí lọ́jọ́ náà, kò yin ẹnikẹ́ni. Ó so pátákó mọ́ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò nu orúkọ yẹn kúrò. Bó ṣe gbé e gba inú ìlú lọ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo sìn ín. Ó ti sùn báyìí, kí ilẹ̀ fúyẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀gá tó le, tí líle rẹ̀ sì wà fún iṣẹ́ tí kò wà fún ara rẹ̀, ẹ rọ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù kò gbà wá mọ́. Ìyàwó ilé ń dé lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ béèrè A, B, D. Orúkọ tí ẹnu wọn kò lè pè ni wọ́n ní kí n kọ́ wọn. Ìyá arúgbó kan kọ orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ sórí pátákó, ó wò ó títí, ó wá yára fi etí ìró nù ún, ó wẹ̀yìn wò, bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ ti kú tipẹ́. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa.

Ọdún gorí ọdún. Pátákó dúdú di funfun, ṣọ́ọ̀kì di bírò ńlá tó ń rùn, ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí di ẹrù orí àjà. Lónìí, mo ń gbọ́ pé fóònù ń kà á síni létí. Ó dáa bẹ́ẹ̀, n kò bá ìgbà jà. Ṣùgbọ́n fóònù kì í dúró de ènìyàn, ó máa ń tètè sọ ọ́ fún un ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni ẹ ti máa wúlò.

Ìyá Kúbúrà ti re ibi àgbà ń rè kí n tó fẹ̀yìntì. Títí ó fi lọ, n kò gbọ́ kí orúkọ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ṣe ètò ìdágbére fún mi, wọ́n tún ń fi ìgbìmọ̀ tuntun mìíràn hàn lọ́jọ́ náà, Àlàájì Láṣísì ló sì ṣe alága. Irun rẹ̀ ti funfun bá eyín rẹ̀ mu. Agbádá adìrẹ ẹlẹ́kọ ló wọ̀, èyí tó ti gbó díẹ̀, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ya sára rẹ̀ lẹ́tà-lẹ́tà, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, funfun nínú aró.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tuntun súnmọ́ ọn. Ó ní, "Àlàájì, kí ni wọ́n kọ sára aṣọ yín?"

Àlàájì na apá agbádá kó lè rí i dáadáa. "Orúkọ mi ni," ó ní. "Ìyàwó ilé wa ló ń pè mí."